Bí Mo Ṣe Kọ Ìwé Ojú Kan fún Àwọn Ará Ilé Wa Tó Ń Sọ Sípáníìṣì

Omi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ní alẹ́ Sátidé kan, ìyá ará Honduras tí ilé rẹ̀ kan tèmi níbí, ní Alief, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, kanlẹ̀kùn mi tòun ti báàsìnì lọ́wọ́. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọjá kí ó kí mi, èmi náà kò gbọ́ Sípáníìṣì. Ó fà mí lọ́wọ́ wọ yàrá àwọn ọmọ rẹ̀. Àjà ti wú bí ikùn aboyún, omi ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì, ògiri ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì náà sì ti bu, ó dúdú láti ilẹ̀ títí dé ìdí fèrèsé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 13, ló ń túmọ̀ fún wa. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin làwọn ti lọ sọ fún ọ́fíìsì onílé. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹni tó jókòó ní kántà bi màmá òun bóyá ó fẹ́ kí wọ́n pe ìmígíréṣọ̀n kí wọ́n wá bá a wo àjà náà.

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò.

Èmi kì í ṣe lọ́yà. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, òru sì ni mo máa ń lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bùrọ̀dá Láyí, àgbà tiwa tó wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Bísí, má tìka bọ ọ̀rọ̀ tí ò kàn ẹ́. Ìwé tìẹ ti pé, jẹ́ kó pé bẹ́ẹ̀." Mo ní, "Ẹ ṣé sà, mo ti gbọ́." Mo sì jókòó ti tábìlì, mo mú bírò.

Ìdí tí mo fi mọ ibi tí mo máa bẹ̀rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ onílé ti jẹ èmi náà níyà rí. Nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù mi kú láàárín ooru Ògọ́ọ̀sì, mo pe ọ́fíìsì títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ló là mí lójú pé ní Texas, kí ènìyàn kọ ọ́ sílẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Bí owó ilé kò bá sí lọ́rùn ẹni lọ́jọ́ tó kọ̀wé, tí ohun tó bàjẹ́ sì lè ṣe ìlera tàbí ààbò ará ilé níbi, òfin ní kí onílé sapá gidi láti tún un ṣe. Ọjọ́ 7 ni òfin kà sí àkókò tó tó, àyàfi bí onílé bá ní ẹ̀rí pé ó yẹ kó gùn jù bẹ́ẹ̀. Bí lẹ́tà náà bá gba pósófíìsì lọ lọ́nà tí wọ́n ti ń buwọ́ lù ú, tí káàdì àwọ̀ ewé kékeré fi máa padà wá bá ẹ nílé, ẹyọ kan tó. Bí kò bá gba ọ̀nà yẹn lọ, tàbí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ti lè tọpa lẹ́tà títí ó fi dé, ẹ ní láti tún òmíràn kọ. Ẹ má sì dá owó ilé dúró láti fi bá onílé jà o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ènìyàn mú.

Mo kọ lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ kún fún ìbínú: ìwà ìkà, àwọn ọmọ kéékèèké, Ọlọ́run ń wò yín. Mo fà á ya. Èkejì kò ju ìlà mẹ́fà lọ: déètì, nọ́ńbà ilé, àjà yàrá kejì ń jò láti ọjọ́ báyìí, ògiri ti bu, a ti sọ ọ́ lẹ́nu ní ọjọ́ báyìí àti ọjọ́ báyìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún un ṣe. A ya fọ́tò àjà náà, a ya ti lẹ́tà náà, a sì fi rìsíìtì tí wọ́n fi san owó ilé oṣù yẹn kún un. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, èmi àti ìyá náà jọ tò ní pósófíìsì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ rẹ̀ sára káàdì àwọ̀ ewé náà, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, bí ẹni ń kọ ọ́ sára ògiri.

Ọ̀rọ̀ ìmígíréṣọ̀n yẹn tún ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀, a kò fi í sínú lẹ́tà àjà. Òfin àpapọ̀ kan wà lórí ilé gbígbé tí Ààrẹ Johnson buwọ́ lù ní April 11, 1968, ọ̀sẹ̀ kan géérégé lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King. Òfin náà kọ̀ kí wọ́n fìyà jẹ ènìyàn lórí ilé nítorí ìlú tí ó ti wá, ó sì kọ̀ kí wọ́n halẹ̀ mọ́ ẹni tó ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lábẹ́ òfin náà. Ọdún kan ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ní láti fi ẹjọ́ sun HUD, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé. Nítorí náà, ní alẹ́ Sátidé yẹn gan-an, kí oorun tó kó ọ̀rọ̀ lọ, mo ní kí ọmọ náà kọ ohun tí ẹni tó wà ní kántà sọ sínú ìwé ilé-ìwé rẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́, aago, àti ẹni tó dúró níbẹ̀. Ó kọ ọ́. Inú mi kò dùn sí i. Ọmọ ọdún 13 kò yẹ ní ẹni tí yóò máa gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu àgbàlagbà wá sí etí ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ohunkóhun tí mo bá ṣe lẹ́yìn èyí, ọmọ kò ní túmọ̀ rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìròyìn ti dé yàrá ìfọṣọ. "La señora de las cartas" ni wọ́n ń pè mí, ìyáàfin onílẹ́tà. Ọkùnrin kan wá: ọ̀gá tó ń bá kan òrùlé jẹ ẹ́ lówó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá ọmọ kan láti Guatemala ń bẹ̀rù láti lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ nílé-ìwé nítorí kò ní ìwé ìgbélùú. Màmá àgbà kan ti kó owó fún ọkùnrin kan tó kọ "Notario" gàgàrà sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo máa ń dé láti ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ènìyàn méjì á ti jókòó lórí àtẹ̀gùn mi. Mo mọ̀ pé n kò lè máa kọ lẹ́tà fún gbogbo ayé, ni mo bá sọ pé n ó kọ ìwé ojú kan, èyí tí ẹnikẹ́ni lè ká sínú àpò.

Àṣìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kó orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Latino jọ. LULAC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Corpus Christi ní 1929. MALDEF, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní San Antonio ní 1968. Texas yìí ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì, ìtàn wọn sì dùn mọ́ mi débi pé mo kọ ìpínrọ̀ méjì nípa rẹ̀. Ẹni tí àjà ń jò lé lórí kò nílò ìpínrọ̀ méjì. Iṣẹ́ MALDEF ni ẹjọ́ tó máa yí òfin padà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe àjà ilé ẹnì kan ní Alief. Mo sún orúkọ wọn sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mo sì fi ibi òkè sílẹ̀ fún ohun tí ènìyàn lè pè láàárọ̀ ọ̀la: 311 ti ìlú Houston tí ilé bá di ohun tí ènìyàn kò lè gbé mọ́, àti àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilé àti ti owó iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣe ohun tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi mi, mo pe gbogbo nọ́ńbà náà, mẹ́tàdínlógún, mo sì ń tẹ 2 fún Sípáníìṣì. Baba ará Cuba kan ní ilé kejì ló jókòó tì mí ní kíṣìn, nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá gbé e. (Ọjọ́ tí baba yìí kọ́kọ́ gbọ́ pé Yorùbá ni mí, ó pariwo "Lucumí!", orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Cuba, ó dìde dúró, ó ní Changó ni olórí òun. Láti ìgbà yẹn ló ti ń kí mi ní "aché" bí ẹni ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, bẹ́ẹ̀ ó lè bí mi lọ́mọ.) Nínú mẹ́tàdínlógún, mẹ́fà péré ni ènìyàn gbé tó gbọ́ Sípáníìṣì. Mẹ́ta, ẹ̀rọ ló dáhùn ní Sípáníìṣì, ó sì wá ní kí a fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Baba rẹ́rìn-ín débi pé kọfí dà sí i lẹ́sẹ̀. Ọ̀kan ti di ti ilé oúnjẹ. Gbogbo nọ́ńbà tí ènìyàn kò gbé, mo yọ ọ́ kúrò, ohun yòówù kí orúkọ ẹgbẹ́ náà ṣe tóbi tó.

Ìpè yẹn náà ló kọ́ mi ní ohun tí ìwé pélébé kò sọ. Àwọn lọ́yà ọ̀fẹ́ tí owó ìjọba àpapọ̀ ń gbé dúró, òfin kò jẹ́ kí wọ́n gba ẹjọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí kò ní ìwé, àyàfi fún ọ̀ràn díẹ̀, bí ìwà ipá inú ilé. Bí a kò bá kọ èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà wọn, ènìyàn á wọ bọ́ọ̀sì méjì débẹ̀, á sì padà pẹ̀lú ìtìjú. Mo kọ ọ́. Lórí owó iṣẹ́, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé ọjọ́ 180 ni ènìyàn ní láti fi ẹjọ́ owó tí wọn kò san sun ilé iṣẹ́ ìjọba Texas tó ń rí sí iṣẹ́, láti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n san án. Ọkùnrin tó ń kan òrùlé yẹn ti lo ọjọ́ 140 níbi ìrònú.

Lórí ilé-ìwé, ìlà kan tó: ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti sọ ní 1982, nínú ẹjọ́ tó ti Tyler wá, ní Texas níhìn-ín, pé ilé-ìwé ìjọba kò lè lé ọmọ padà nítorí pé kò ní ìwé ìgbélùú. Adájọ́ 5 sí 4 ni. Ìyá Guatemala ní kí n tún nọ́ńbà yẹn sọ, 5 sí 4. Ó ní, "Ẹnì kan péré." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lórí "Notario", mo lo ààyè púpọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti wá, agbẹjọ́rò àgbà ni notario. Ní Texas, ẹni tó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé lásán ni notary, kò lè gba ènìyàn nímọ̀ràn lórí ìwé ìgbélùú, òfin sì kọ̀ fún un láti pe ara rẹ̀ ní "notario público" lórí pátákó. Ọ̀rọ̀ kan náà, iṣẹ́ méjì, àlàfo àárín wọn ni owó màmá àgbà yẹn bọ́ sí. Ẹ wo bí a ṣe máa ń sọ "dókítà" fún kẹ́mísìtì nílé, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Fóònù ni mo fi túmọ̀ ìwé náà sí Sípáníìṣì. Baba Cuba kà á, ó bojú jẹ́. Ó ní fóònù náà ń pe gbogbo ènìyàn ní "tú". Kò sí ẹni tí mo nílò kó tún un ṣàlàyé fún mi, ọmọ Yorùbá ni mí: ó dà bí ẹni tó kọ̀wé sí ìyá ìyá ẹni pé "ìwọ, wá síbí". A pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ sí "usted", ìyẹn "ẹ̀yin". Ó tún mú "denuncia" kúrò, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ń dún létí bí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, àwọn tó ń bẹ̀rù kò ní kà kọjá ibẹ̀. "Queja" ló fi rọ́pò rẹ̀, ẹ̀sùn lásán. Ó gba wákàtí mẹ́ta, ìwé ojú kan.

Ẹnì kan ní yàrá ìfọṣọ sọ pé wọ́n ti fòfin de Sípáníìṣì. Mo lọ wò ó. Àṣẹ tí Clinton pa ní 2000, pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣètò fún àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ni Trump fagi lé ní March 2025. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó fòfin de èdè ẹnikẹ́ni. Mo fi ìlà kan kún ìwé: ẹ béèrè ògbufọ̀, kò sí ohun tó burú nínú bíbéèrè.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí káàdì àwọ̀ ewé padà dé ni wọ́n wá ṣí àjà náà. Páìpù kan ní òkè ló ti jẹrà. Wọ́n gé ògiri tó bu kúrò, wọ́n fi tuntun sí i, wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ ìmígíréṣọ̀n, ìyá náà ní òun kò tíì fẹ́ fi sun HUD. N kò fa á lẹ́wù. Òun ló ń gbé inú ẹ̀rù náà, èmi kọ́. Ìwé ọmọ rẹ̀ wà nínú agolo bisikíìtì, ọdún kan kò tíì pé.

Wọ́n já ìwé mi kúrò lára ògiri yàrá ìfọṣọ lẹ́ẹ̀mejì. Ní báyìí ẹnì kan, n kò béèrè ẹni náà, ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìdérí ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́ta, níbi tí ènìyàn máa rí i tó bá ṣí i. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń tún nọ́ńbà wọ̀nyẹn pè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà kò gbé mọ́. Mo mú bírò dúdú lọ sísàlẹ̀, mo ṣí ìdérí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo pa á rẹ́.