Bí ẹ ṣe lè ṣètò apá kejì fíìmù ìjà kó má rẹ̀yìn sí ti àkọ́kọ́

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: ẹni mẹ́wàá ló bá áktọ̀ jà nínú àkọ́kọ́, wọ́n á sọ ọ́ di ọgbọ̀n nínú ìkejì. Òǹwòran kì í ka orí. Ibi tí ìjà ti ń wáyé, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn àti ìdí tí áktọ̀ kò fi lè sá ló ń wò.

Ẹ fi The Raid 2 kọ́ṣẹ́, èyí tí Gareth Evans ṣe ní Indonésíà, tó jáde ní 2014. Ìṣẹ́jú 101 ni ti àkọ́kọ́, The Raid, inú ilé gíga kan ní Jakarta ni wọ́n sì há sí. Ìkejì gba ìṣẹ́jú 150, ó sì tú jáde sí ìgboro.

Kí ẹ tó kọ ìtàn rárá, ẹ wo àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Fún ìjà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, irú ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀, ohun ìjà, ìdí ìjà àti bó ṣe parí. Ìjà tuntun tó bá fi mẹ́ta nínú márùn-ún yìí jọ ti tẹ́lẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn náà sílẹ̀. Ní ti The Raid, silat, ìjà ìbílẹ̀ Indonésíà, tí Iko Uwais tó ṣe Rama, áktọ̀ fíìmù náà, ń jà ni.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe pàtàkì gan-an. Nínú The Raid 2, ìjà kan wà nínú ẹrẹ̀ ní àgbàlá ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ gbá níbẹ̀ á yọ̀, ẹni tó bá ṣubú kò ní tètè dìde, ìgbámú á wá wúlò ju ẹ̀ṣẹ́ lọ. Ẹrẹ̀ kan náà yìí á sọ gbogbo ara di àwọ̀ kan, òǹwòran ò sì ní mọ ta ni ta ni mọ́. Ẹ fún áktọ̀ ní ìrísí tó yàtọ̀, kí kámẹ́rà sì máa padà sí ojú rẹ̀. Ẹ ṣa òkúta àti àfọ́kù ìgò kúrò kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ sínú rẹ̀.

Ní ti ohun ìjà, ẹ jẹ́ kí tàwọn ọ̀tá ńláńlá yàtọ̀ síra. Nínú The Raid 2 kan náà, obìnrin kan fi òòlù méjì jà nínú ọkọ̀ ojú irin, arákùnrin rẹ̀ sì ń lo igi béèsìbọ́ọ̀lù. A ò lè gbàgbé wọn bí wọn ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òòlù kan, ẹ ṣe é ní mẹ́ta: irin gidi fún ìgbà tí kámẹ́rà bá súnmọ́ ọn tí wọn ò jà, igi fífúyẹ́ fún ìgbà tí wọ́n bá jìnnà síra, fóòmù fún ìgbà tó máa kan ara. Inú agolo ọ̀dà kan náà ni kí ẹ ti kùn wọ́n, torí bí dídán wọn bá yàtọ̀, àṣírí á tú lójú kámẹ́rà.

Ẹ fi fóònù ya gbogbo ìjà náà níbi ìdánrawò, kí ẹ sì tò ó pọ̀ kí ẹ tó gbé kámẹ́rà ńlá jáde. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí ẹ̀ṣẹ́ tí kò jọ pé ó ba ẹni tí wọ́n jù ú sí.

Bó bá ń lọ sópin, ẹ dín èèyàn kù. Ìjà ilé ìdáná tó wà lápá ìparí, lójú tiwa, ló dára jù: Rama àti apànìyàn kan tí Cecep Arif Rahman ṣe. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Karambit, ọ̀bẹ kékeré tó tẹ̀ bí èékánná àwòdì, kò yọjú àfìgbà tó yá.

Fífi nǹkan pamọ́ báyìí ló gbé Drunken Master II (1994) ró, ọdún 16 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ìjà ọ̀mùtí ni gbogbo ayé wá wò, bẹ́ẹ̀ bàbá Wong Fei-hung, ẹni tí Jackie Chan ṣe, ti kà á léèwọ̀ fún un. Nígbà tí Jackie Chan wá mu ọtí ilé iṣẹ́, èyí tí kì í ṣe fún mímu, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Ohun tí a ò fara mọ́ nínú The Raid 2 ni pé Yayan Ruhian, tí wọ́n pa nínú àkọ́kọ́, tún padà wá bí ẹlòmíràn. Ó jà dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń da òǹwòran rú. Bí ẹ ò bá lè ṣe kó má padà, ẹ yí irun, aṣọ àti ọ̀nà tó ń gbà jà padà pátápátá.

Ẹ má gbàgbé ọgbẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ya apá kìíní àti ìkejì pọ̀, ẹ ya fọ́tò ojú áktọ̀ lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà ìran sí i, kí ẹ sì gbé e fún ẹni tó ń kunjú.