Ìbàlẹ̀ ọkàn láàárín kòókòó jàn-ánjàn-án òòjọ́

Ìwọ̀nba èèyàn ló ní yàrá tó parọ́rọ́ tí wọ́n lè jókòó sí. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké, ọmọ ń sunkún, ọ̀gá ń pe fóònù, iná sì tún ti lọ. Bí ẹ bá ní ẹ ó dúró de ìdákẹ́rọ́rọ́ kí ẹ tó wá ìbàlẹ̀ ọkàn, ẹ ó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ohun tí ẹ ó fi kọ́ ọkàn ti wà nílé tẹ́lẹ̀: omi ìwẹ̀, ẹ̀wà tí ẹ fẹ́ sè, ìjókòó inú dánfó, àti èémí tó ń gba imú yín wọlé tó sì ń jáde.

Ẹ mú ohun kan tí ojú, etí tàbí ara lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé ọkàn lé e. Ọkàn á kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá ti rí i pé ó ti lọ, ẹ rọra fà á padà. Fífà á padà yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí à ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ló ń pa á tì ní ọjọ́ kẹta nítorí wọ́n rò pé orí gbọ́dọ̀ ṣófo. Wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú 5, ọkàn wọn sá lọ sídìí owó ilé nígbà 20, wọ́n ní àwọn ò lè ṣe é. Ẹni tó fà á padà nígbà 20 ti ṣe é nígbà 20.

Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Éṣíà ti ń kọ́ ọkàn báyìí fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Ní 1979, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Jon Kabat-Zinn, mú un wọ ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 8 fún àwọn aláìsàn tí ìrora kò fi sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà kò ní kí ẹnikẹ́ni yí ẹ̀sìn padà. Mùsùlùmí tó bá fara balẹ̀ ṣe àlùwàlá, tó ń mọ̀ ọ́n lára bí omi ṣe kan ọwọ́, tó kan ẹnu, imú àti ojú, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láìfi nǹkan kan kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kristẹni tó bá dákẹ́ díẹ̀ kó tó la ẹnu gbàdúrà.

Èémí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ibi tí ẹ ó lọ tí kò ní bá yín lọ. Ní àárọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù, ẹ jókòó sórí àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí ẹ̀yìn nà láìle gbagidi. Ẹ gbé ọwọ́ kan lé ikùn, ẹ gbé ìkejì lé àyà. Ẹ fi imú mí sínú, kí ẹ máa kà á nínú: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ọwọ́ orí ikùn ló yẹ kó gbéra. Bó bá jẹ́ pé àyà àti èjìká ló ń gbéra, èémí náà kò tíì lọ sísàlẹ̀, ẹ tú bẹ́líìtì tàbí ìró tó fún ikùn. Lẹ́yìn náà, ẹ mí síta jẹ́jẹ́ títí ẹ ó fi ka ẹ̀fà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ ó mí nígbà 6 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ sábà máa ń mí nígbà 12 sí 20, nítorí náà á dà bíi pé ó falẹ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 tó.

Ìmísíta ló gùn ju ìmísínú lọ, ó sì nídìí. Iṣan kan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sínú ara wà tí wọ́n ń pè ní vagus, tó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àyà àti ikùn. Nígbà tí a bá ń mí síta, iṣan yìí máa ń mú kí ọkàn tó ń lù láyà rọra lù. Ẹ fọwọ́ wá ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń lù ní ọrùn ọwọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń ṣe é: ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí i pé lílù náà yá díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé, tó sì rọlẹ̀ bó ṣe ń jáde.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn máa fa afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú. Òòyì á kọ́ ọ, orí ìka àti ètè á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ohun tó fà á ni pé carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, ti lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ sì ti fún. Ẹ dáwọ́ kíkà dúró, ẹ mí bí ẹ ṣe ń mí tẹ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó padà sí èémí tó kéré. Ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí tó lóyún lè ka ẹ̀ta wọlé, kó ka ẹ̀rin jáde. Kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti sé èémí mọ́nú. Bí ọ̀fìnkìn bá dí imú, ẹ fi ẹnu mí síta bí ẹni tó ń fẹ́ ògì gbígbóná.

Àwọn kan wà tí wọn ò lè fara da ìjókòó lásán, àgàgà tí ìrònú bá ti pọ̀. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ṣíṣa ẹ̀wà dára fún, nítorí ọwọ́ á rí iṣẹ́ ṣe. Ẹ da ife ẹ̀wà 2 sórí atẹ, ẹ pa rédíò. Ẹ fi ìka fa ìwọ̀nba díẹ̀ wá síwájú, kí ẹ wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tó dán, èyí tí kòkòrò ti lu, òkúta kékeré tó fẹ́ jọ ẹ̀wà. Ẹ gbọ́ ìró rẹ̀ bó ṣe ń bọ́ sínú abọ́. Nígbà tó bá yá, ẹ ó rí i pé ọwọ́ yín ti ń fa ẹ̀wà lọ láìsí ojú níbẹ̀, pé ẹ ti ń bá àna yín jà nínú ọkàn. Ẹ fún ohun tó gbé ọkàn lọ ní orúkọ kan ṣoṣo, bí “ìbínú”, “ìpayà”, tàbí “ètò ọ̀la”, kí ẹ sì padà sídìí ẹ̀wà tó wà lábẹ́ ìka yín. Ẹ má ṣe bá ara yín wí, nítorí ìbáwí náà á tún di ìrònú mìíràn tí ẹ ó máa lé kiri.

Oúnjẹ náà kò ṣòro. Òkèlè 3 àkọ́kọ́ ni ká mú: kò sí fóònù lọ́wọ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ jẹ ẹ́ kúnná, kí ẹ gbé e mì kí ọwọ́ tó padà sínú àwo. Ìyókù, ẹ jẹ ẹ́ bí ẹ ṣe ń jẹun. Níbi ìwẹ̀, igbá omi tútù àkọ́kọ́ ni: ẹ ṣọ́ bí ara ṣe gbọ̀n àti bí èémí ṣe gé, títí èémí á fi padà bọ̀ sípò.

Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ gba àlàyé tirẹ̀, torí ẹni tó ń wakọ̀ àti èrò kò lè ṣe bákan náà. Afárá Third Mainland ní Èkó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 12, èèyàn sì lè lo ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú lórí rẹ̀ láìkúrò lójú kan. Awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ pa ojú dé tàbí kó máa ka èémí. Tirẹ̀ ni pé nígbàkígbà tí ọkọ̀ iwájú bá dúró, kó dẹ ọwọ́ tó fún ìdarí ọkọ̀ pinpin, kó sọ èjìká kalẹ̀, kó jẹ́ kí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ fi ara wọn sílẹ̀. Èrò lè la ojú sílẹ̀, kó di báàgì rẹ̀ mú, kó sì máa gbọ́ ìró bó ṣe ń dé: fèrè ọkọ̀, ohùn kọ́ńdọ̀, ẹni tó ń polówó bọ́ọ̀lì. Ìró kan wọlé, ó kọjá, òmíràn dé. Kò pọn dandan kí ìró náà dùn mọ́ yín nínú.

Bí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń bí yín nínú bá wọlé, ẹ da ojú fóònù délẹ̀. Ẹ mí síta gígùn nígbà 3. Ẹ wá ibi tí ìbínú náà wà lára: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni, àbí àyà, àbí inú ikùn? Ẹ fi ọkàn síbẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó fèsì. Àwọn àgbà ní sùúrù ni baba ìwà. A gbà pé èémí 3 yìí jẹ́ ibi tí sùúrù ti lè bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣì ń hó, ẹ kọ èsì náà síbòmíràn, kí ẹ tún un kà lẹ́yìn wákàtí kan.

Lálẹ́, ẹ dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn. Oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Edmund Jacobson, ló kọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n fún iṣan pọ̀ kí wọ́n tó tú u, kí ara lè mọ ìyàtọ̀. Ẹ fún àtẹ́lẹsẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kí ẹ tú u, kí ẹ sì sinmi fún 15. Ẹ gòkè lọ bẹ́ẹ̀: itan, ìdí, ikùn, ìkúùkù, èjìká títí dé ẹ̀gbẹ́ etí, lẹ́yìn náà ojú. Ẹ má na ọmọ ìka ẹsẹ̀ síwájú jù, kí pajápajá má baà mú yín, ẹ sì fo ibi tó bá ń dùn yín. Bí oorun bá gbé yín lọ ní agbedeméjì, ẹ jẹ́ kó gbé yín lọ.

Ọ̀kan nínú gbogbo èyí ni kí ẹ mú fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ kì í ṣàìṣe lójúmọ́. Ìṣẹ́jú 5 lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí kan ní Sátidé lọ. Ẹ máa ṣe é nígbà tí nǹkan rọgbọ pẹ̀lú. Ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ ìpayà nìkan ló ń rántí rẹ̀, ara rẹ̀ kò ní tíì mọ ọ̀nà.

Nígbà mìíràn, bí ara bá ti dákẹ́, ìrántí búburú tàbí ọ̀fọ̀ àtijọ́ lè jáde wá. Ẹ má fi agbára dúró síbẹ̀. Ẹ la ojú, ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ dárúkọ ohun 5 tí ẹ ń rí nínú yàrá, ẹ fi omi tútù bọ́jú. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, tàbí tí ìbànújẹ́, àìróorunsùn àti àìlèjẹun bá lé ní ọ̀sẹ̀ 2, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta àti ti Yaba ní Èkó ń gba àwọn tó wá fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé. Ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, iye wákàtí tí ẹ ń sùn, àti oògùn tí ẹ ń lò sórí ìwé lọ síbẹ̀. Bí èrò pé kéèyàn pa ara rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ má sì dá nìkan lọ: ẹ sọ fún ẹnì kan nínú ilé báyìí, kó tẹ̀ lé yín lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù.