Bẹ́ ẹ ṣe máa gbé motorhome gba òkè Scotland

Ẹ̀yin ara UK tẹ́ ẹ fẹ́ fi motorhome, mọ́tò tó ní bẹ́ẹ̀dì àti kíṣìnnì nínú yẹn, yí North Coast 500 (ọ̀nà tó yípo òkè Scotland) ká, Inverness lẹ ti máa gbéra, ó lé ní máìlì 500, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe é ó kéré tán. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí epo ni kẹ́ ẹ ti rà á, torí ilé epo jìnnà síra lọ́hùn-ún.

Ọ̀nà ibẹ̀ há, mọ́tò kan ṣoṣo ló ń gbà níbi púpọ̀, tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀ ẹ yà sí passing place (ibi tí ọ̀nà ti fẹ̀ díẹ̀ kí mọ́tò lè yà) tó wà lápá òsì, tó bá jẹ́ apá ọ̀tún ló wà ẹ má kọjá síbẹ̀ o, ẹ dúró sí ọ̀gangan ẹ̀ kí onítọ̀hún yà síbẹ̀. Tí mọ́tò bá sì ti tò sẹ́yìn yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá jàre.

Bealach na Bà, ọ̀nà orí òkè tó lọ sí abúlé Applecross, ńkọ́? Mítà 626 ló ga, kọ́nà ẹ̀ lọ́ bí ejò, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù pé kì í ṣe fún mọ́tò ńlá. Ẹ gba ọ̀nà etí òkun láti Shieldaig, ẹ ṣì máa dé Applecross.

Tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì inú mọ́tò, campsite, ibi tí wọ́n ti ń páàkì motorhome sùn, ni kẹ́ ẹ ti dà á nù, ẹ má dà á sígbó. Kantíkantí ìgbà ooru ńkọ́, háà! Ẹ ti wíńdò kó tó di ìrọ̀lẹ́.