Kọ̀ǹpútà pálọ̀ tó ń pariwo bíi jẹnẹrétọ̀

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ TV ní pálọ̀, ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí. Tèmi níbí n'Íjẹ̀bú-Òde, inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ TV ló wà, tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ nínú fíìmù báyìí fáànù ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ wúùù, ìyá mi wá kí mi láti Ṣàgámù, wọ́n ní ṣé mo tan jẹ́ẹ̀nì ni.

Ẹ má yọ fáànù o! Èyí tó tóbi ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò ẹ̀ tó bá ti lè wọ case (àpótí kọ̀ǹpútà) yín. Fáànù tó fẹ̀ tó 80mm gbọ́dọ̀ sáré burúkú kó tó fẹ́ atẹ́gùn tí 120mm á rọra fẹ́, eré yẹn ló ń pariwo. Kẹ́ ẹ ra oníwáyà mẹ́rin tí kọ̀ǹpútà lè darí eré ẹ̀, ẹ wọ BIOS (ibi ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà), ẹ ní kó máa yí jẹ́ẹ́jẹ́ títí CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) á fi kọjá 60°C, ẹ má wá òtútù kiri, 70°C ò ṣe é ní nǹkan kan.

Àmọ́ kọ́bọ́ọ̀dù gan-an ni ọ̀tá. Ooru tí fáànù tú jáde ló tún ń fà wọlé, mo bá ní kí káfíńtà gé pákó ẹ̀yìn ẹ̀ dànù, ìyẹn nìkan ṣe ju fáànù tuntun lọ. Mo tún gé sílípáàsì tó já sábẹ́ ẹsẹ̀ case kí pákó má máa gbọ̀n.

Tí ọyẹ́ bá dé ẹ gbọn eruku ẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, kẹ́ ẹ sì fìka di fáànù mú tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ eruku náà dànù.