Bí A Ṣe Ń Pe Oyin Wá sí Ọgbà Kékeré Ẹ̀yìnkùlé

Ẹni tí ó bá ti gbin elégédé sí ẹ̀yìnkùlé rí, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta, yóò mọ̀ pé ìtàkùn náà lè tàn kálẹ̀, kí ó yọ òdòdó rẹpẹtẹ, síbẹ̀ kí èso rẹ̀ máa já bọ́ nígbà tí kò tíì tó ọmọ ìka. Ohun tí ó sábà máa ń fà á ni pé kòkòrò kankan kò gbé lẹ́búlẹ́bú akọ òdòdó dé inú abo. Akọ a máa dúró lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Abo ni ó ní èso róbótó nídìí. Àwọn méjèèjì ń là ní ìdájí, wọ́n sì ti ń pa dé kí oòrùn tó kan àtàrí, nítorí náà wákàtí díẹ̀ péré ni oyin ní láti fi ṣiṣẹ́ rẹ̀. Inú mi a máa dùn gan-an bí mo bá rí oyin tí ó ń jáde nínú òdòdó elégédé láàárọ̀, tí lẹ́búlẹ́bú bo gbogbo ara rẹ̀ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun àtíkè.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó sì ṣe pàtàkì jù lọ lójú tèmi, ni pé kí a jẹ́ kí díẹ̀ nínú ohun tí a ti gbìn tanná. Púpọ̀ nínú wa ni ó máa ń gé efinrin kí òdòdó rẹ̀ tó yọ, bẹ́ẹ̀ oyin fẹ́ràn òdòdó náà púpọ̀, débi pé bí ènìyàn bá dúró tì í láàárọ̀, yóò máa gbọ́ ìró wọn. Ẹ fi ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ láìgé. Ewúro tí a kò gé pẹ̀lú a máa yọ òdòdó funfun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní àsìkò tí oúnjẹ kò pọ̀ fún oyin. Kí a má sì ro gbogbo yúnyún tí ó wà létí ògiri kúrò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbin irú òdòdó kan náà pọ̀ sójú kan níbi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa, nítorí pé oyin a máa tẹra mọ́ irú òdòdó kan ṣoṣo bí ó bá jáde. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ lè lo ike ọ̀dà tí a dá ihò sí nídìí.

Ẹ gbé àwo pẹlẹbẹ kan síbi ìbòòji, kí ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹ sì bu omi sí i níwọ̀nba tí orí òkúta yóò fi yọ síta, kí oyin lè rí ibi bà sí láti mu omi. Ẹ máa da omi náà nù ní ọjọ́ méjì-méjì, kí ẹ̀fọn má baà dàgbà níbẹ̀.

Ẹ má fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo ilẹ̀, nítorí pé oríṣi oyin mìíràn wà tí ó jẹ́ pé inú ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń gbẹ́ ihò sí. Bákan náà, ẹ so ọparun gbígbẹ díẹ̀ mọ́ abẹ́ òrùlé fún oyin dúdú ńlá tí ó máa ń lu igi. Tòmátì àti ìgbá kì í tú lẹ́búlẹ́bú wọn sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Oyin ńlá yìí ni ó máa ń di òdòdó wọn mú, tí yóò sì gbọ̀n ọ́n títí lẹ́búlẹ́bú yóò fi tú jáde. Oyin afárá kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Oyin dúdú ńlá náà kì í ta ènìyàn àfi bí a bá fi ọwọ́ mú un.

Ní ti oògùn apakòkòrò, ẹ má ṣe fín in nígbà tí òdòdó bá là. Ẹ fi ọwọ́ ṣa kòkòrò tí ń jẹ ewé. Bí ó bá di dandan kí a fín nǹkan, ìbáà ṣe omi ewé dóńgóyárò, kí ó jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Bí agbo oyin bá wá bà sí ilé yín, ẹ kó àwọn ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn kúrò nítòsí, kí ẹ sì pe àwọn tí ń sin oyin. Ẹ má ṣe dáná sun wọ́n.

Kí àwọn àlejò wọ̀nyí tó mọ ọ̀nà ọgbà yín, ẹ lè ran elégédé lọ́wọ́. Ẹ já akọ òdòdó kan láàárọ̀, ẹ ya ewé òdòdó rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì rọra fi ọ̀pá àárín rẹ̀ nu àárín abo òdòdó. Bí ó bá gbà, èso náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wú láàárín ọjọ́ díẹ̀.