Bí Mo Ṣe Yẹ Ìwé Pélébé Kan Lórí Ikọ́ Ife Wò

Ẹgbẹ́ kan ní àdúgbò wa fẹ́ pín ìwé pélébé nínú ọjà ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta, tí í ṣe Àyájọ́ Ikọ́ Ife Lágbàáyé, wọ́n sì bẹ̀ mí pé kí n wò ó bóyá òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo da gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kọ sórí ìlà tirẹ̀, mo sì ń fi wọ́n wé ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ìtàn Robert Koch, tó kéde kòkòrò àrùn náà ní Berlin ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta, ọdún 1882, kò gbà mí lákòókò rárá.

Ibi tí mo ti pẹ́ ni ibi tí wọ́n ti ní kí a ya abọ́ àti ṣíbí aláìsàn sọ́tọ̀. Inú afẹ́fẹ́ ni kòkòrò yìí ń gbà ràn, nígbà tí ẹni tó ní in nínú ẹ̀dọ̀fóró bá wúkọ́ tàbí tó sín. Kì í ti ara abọ́ ràn. Mo pa á rẹ́, mo kọ “ẹ ṣí fèrèsé” dípò rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti ilẹ̀ wá. Mo ní ìdí tí àwọn aláìsàn fi ń fi ikọ́ wọn pamọ́ nìyẹn.

Gbólóhùn tó sọ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG kì í jẹ́ kí ènìyàn kó ikọ́ ife kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìyẹn ló sì mú kí ó ṣòro tún ṣe. Ó ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ irú èyí tó le, bí èyí tí ń wọ awọ ọpọlọ, ṣùgbọ́n kò dájú bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà.

Wọ́n tún ní kí aláìsàn lo oògùn “títí ara yóò fi yá”. Ẹ̀rù bà mí. Ara lè yá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ oṣù 6 ni ìtọ́jú tó wọ́pọ̀, oògùn mẹ́rin fún oṣù 2 àti méjì fún oṣù 4, ẹni tó bá sì dá a dúró lágbede méjì lè sọ kòkòrò náà di èyí tí oògùn kò ràn mọ́. Mo fi kún un pé rifampicin, ọ̀kan lára àwọn oògùn náà, máa ń mú kí ìtọ̀ pọ́n, nítorí ẹni tí a kò kìlọ̀ fún lè rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, kí ó sì sá fún oògùn. Akọ̀wé ní kí n kọ “omi ara” nítorí ìtìjú. Mo fẹ́ jiyàn, àfi bí mo ṣe rántí pé òógùn àti omijé náà máa ń pọ́n, la bá kọ “ìtọ̀ àti omi ara mìíràn”.