Ẹ̀yin lẹ́kíṣọ́rà, ẹ má jẹ́ kí rìsáàṣì yín lórí akika (pangolin) kú sínú jọ́nà àwọn onímọ̀

Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ sọ́dọ̀ ọdẹ àtàwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́, kẹ́ ẹ jókòó gbọ́ tiwọn ná, torí ohun tí ọdẹ mọ̀ nípa ihò akika, ìwé ò lè kọ́ yín. Lẹ́yìn náà ẹ wá sọ tiyín lédè tó yé wọn, pé ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, pé irú ohun tó wà léèékánná wa náà ló wà nínú ìpẹ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ rédíò, Sátidé kẹta oṣù Fẹ́búárì ni kẹ́ ẹ lọ, Ọjọ́ Akika Lágbàáyé nìyẹn. Fọ́tò akika tẹ́ ẹ bá yà náà dáa o, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ lokéṣọ̀n, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti yà á, kúrò lára ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e sí WhatsApp, kí ẹni tó fẹ́ pa á má bàa fi wá a débẹ̀!